Wọ́n Ya Ọpọlọ Àbúrò Mi, Wọn Ò Rí Nǹkan Kan

Ọjọ́ tí èsì síkáànù yẹn jáde, èmi ni mo lọ gbà á. Ìgbà ọyẹ́ ni, eruku ti bo gbogbo Ìlọrin, ètè mi ti là, mo jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà láti Táíwò dé ilé wa ní Pàkátà, mo gbá àpò ńlá funfun yẹn mọ́ àyà bí ẹni tó ń gbé ọmọ tuntun bọ̀ láti ọsibítù. Mo ti ka ìwé tó wà nínú ẹ̀ kí n tó gun ọ̀kadà. Kò ju ìlà mẹ́fà lọ. Gbogbo nǹkan tí wọ́n wá, wọn ò rí i. Kò sí kókó, kò sí ẹ̀jẹ̀ tó dà síbi tí kò yẹ, kò sí ibi tó wú. Nísàlẹ̀ pátápátá wọ́n wá kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: normal.

Màámi forí kanlẹ̀, wọ́n ṣọpẹ́ fún Ọlọ́hun. Bàbá wa kékeré, ìyẹn àbúrò bàbá mi, gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, wọ́n wọ awò wọn, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n wá wo gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ṣé ẹ wá rí i báyìí? Òyìnbó gan-an ti fẹnu ara ẹ̀ sọ pé nǹkan kan ò ṣe orí ọmọ yìí. Ó parí. Àsàsí ni. Ayé ló ṣe é."

Èmi tí mo ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jà pé ká lọ ya síkáànù, tí mo fi owó àjọ mi san án, mi ò rí nǹkan sọ. Ó dà bí ìgbà tí mo fowó ara mi wá ẹlẹ́rìí lọ sí kóòtù, tí ẹlẹ́rìí débẹ̀ tán tó lọ dúró ti alátakò mi.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́rin báyìí. Mo ti ka nǹkan púpọ̀ látìgbà náà, ní òru, lórí fóònù, mo sì ti da ìbéèrè bo dókítà débi pé bí wọ́n bá ti rí mi lẹ́nu ọ̀nà wọ́n á ti máa rẹ́rìn-ín. Mo wá mọ̀ pé ìwé yẹn ò parọ́, Bàbá kékeré náà ò sì ṣì í kà. Àwa la bi fíìmù síkáànù ní ìbéèrè tí kò lè dáhùn. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ sọ lónìí, ó gùn díẹ̀, ẹ wá nǹkan jókòó lé.

Ẹ jẹ́ n pe àbúrò mi ní Àlàó. Kì í ṣe oríkì ẹ̀ gan-an o, mo kàn mú un ni. Ọmọ ọdún 21 ni nígbà yẹn, ó wà ní yunifásítì, ó ń gbé Tańkẹ́ pẹ̀lú ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan. Nǹkan àkọ́kọ́ tí mo rí, wàrà ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọmọ yìí lè torí wàrà bá èèyàn jà. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ tó bá ti ń bọ̀ wálé, mo máa ń rà á sílẹ̀ dè é lọ́wọ́ ìyá Fúlàní tó máa ń gbé igbá kọjá níwájú ilé wa, màá dín in, màá po ata sí i. Ó wá dọjọ́ kan tó wo àwo, ó ní òun ò jẹ. Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, òun ò jẹ. Mo ní kí ló dé, ó ní adùn ẹ̀ ti yàtọ̀ lẹ́nu òun. Ta ló máa torí wàrà gbé ọmọ lọ bá dókítà?

Lẹ́yìn wàrà ó kan ìwẹ̀. Lẹ́yìn ìwẹ̀ ó kan ẹ̀rín. Tí gbogbo ilé bá ń rẹ́rìn-ín, òun á kàn máa wò wá, ojú ẹ̀ á wà gbalaja bí ògiri tí wọn ò kùn lọ́dà. Tí mo bá pè é lórí fóònù, "hmm" ni, tí mo bá bi í pé ṣé ó ti jẹun, "hmm". Ọ̀rẹ́ ẹ̀ sọ fún mi pé kì í lọ sí kíláàsì mọ́, pé ó máa ń jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní sùn, kò ní ka nǹkan kan. Báyìí la ṣe ń bá a bọ̀ fún nǹkan bí oṣù mẹ́jọ, a sì ní orúkọ fún gbogbo ẹ̀. Bàbá kékeré ní ìmẹ́lẹ́ ni. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin ní obìnrin ló já a sílẹ̀. Màámi ní ọmọ náà ń dàgbà ni, ẹ fi í sílẹ̀. Èmi, kí n má parọ́, mo rò pé ó ń gbéraga sí wa ni torí pé ó ti di ọmọ yunifásítì.

Ìgbà tó yá ni jẹnẹrétọ̀ dé. Wọ́n mú iná lọ lálẹ́ ọjọ́ kan, ará ilé kejì tan jẹnẹrétọ̀ kékeré wọn, Àlàó jáde sí àgbàlá láìwọ bàtà ó dúró. Mo bá a níbẹ̀. Ó ní, "Ànńtí mi, ẹ gbọ́? Ó ń pè mí." Mo ní kí ló ń pè ẹ́. Ó nawọ́ sí fẹ́ǹsì. Mo gbìyànjú láti bá a ṣàwàdà, mo ní àbí ó fẹ́ kí o bá òun ra epo ni. Kò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí bí ẹni tí àánú mi ń ṣe é, pé mi ò gbọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò ti ń sọ̀rọ̀ ẹ̀, àwọn olùkọ́ ẹ̀ ti fi nǹkan sínú fóònù ẹ̀, ìró ìlù tí wọ́n ń lù níbi ìyàwó kan ládùúgbò wa ti di àmì pé wọ́n ń bọ̀ wá mú un.

Àwọn àgbà wa ní orúkọ kan tí mo ti ń gbọ́ látìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé, tí mo kàn rò pé èébú lásán ni: wèré aláṣọ. Ẹni tó ṣì ń wọṣọ, tó ṣì ń kí èèyàn, tó ṣì ń gba ṣéńjì ẹ̀ pé lọ́wọ́ oníkẹ̀kẹ́, àmọ́ tí àwọn ará inú ilé ti mọ̀ pé nǹkan ti yẹ̀. Nígbà tí dókítà wá sọ fún wa pé psychosis tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni, ìyẹn kí èèyàn máa gbọ́ tàbí kó gba ohun tí kò sí gbọ́, tó ń ṣàlàyé ẹ̀, èmi nínú mi ń sọ pé ah, ṣebí wèré aláṣọ ni dókítà ń pè ní Gẹ̀ẹ́sì yìí.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sórí ọpọlọ.

Ní 1976, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn dókítà kan, Eve Johnstone, Tim Crow àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, gbé àwọn aláìsàn tí wọ́n ti pẹ́ ní ọsibítù, tí àìsàn wọn ń jẹ́ schizophrenia, ìyẹn irú psychosis tó máa ń pẹ́ lára, sínú ẹ̀rọ CT, ẹ̀rọ síkáànù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé nígbà yẹn. Àwọn aláìsàn yẹn ò tó 20. Àwọn yàrá kékeré kan wà láàárín ọpọlọ gbogbo wa tí omi wà nínú ẹ̀. Wọ́n rí i pé yàrá yẹn fẹ̀ nínú orí àwọn aláìsàn yìí ju ti àwọn tí ara wọn le lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ́lé rí ẹ ó mọ̀ pé bí yàrá bá fẹ̀ sí i tí ògiri ìta ò sún, a jẹ́ pé nǹkan míì nínú ilé yẹn ló fún un láyè. Ẹran ọpọlọ ló dínkù. Kí wọ́n tó rí èyí, ọ̀pọ̀ àwọn dókítà òyìnbó gan-an ló ń sọ pé ìyá ọmọ ló fa àìsàn yìí, pé ìyá ò fẹ́ràn ọmọ dáadáa. (Kí ẹ má rò pé àwa nìkan la máa ń wá ìyá tá a máa di ẹ̀bi rù.)

Látìgbà náà MRI ti dé, ó ń ya ọpọlọ fínnífínní ju CT lọ. Ní 2016 àwọn onímọ̀ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè kó àwòrán wọn pọ̀, èèyàn 2,028 tó ní schizophrenia, èèyàn 2,540 tí kò ní in. Hippocampus ló dínkù jù nínú àwọn ẹ̀yà tó wà nísàlẹ̀ ọpọlọ tí wọ́n wọ̀n, òun ni nǹkan kékeré kan tó wà ní ìhà méjèèjì orí, nínú lọ́hùn-ún lápá etí, tó ń bá wa tọ́jú ìrántí, tó ń jẹ́ ká mọ ibi tá a wà. Amygdala àti thalamus, ẹ̀yà méjì míì nínú ọpọlọ lọ́hùn-ún, náà kéré sí i, yàrá olómi yẹn sì fẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe rí i ní 1976.

Àmọ́ ọ̀pọ̀ àwọn wọ̀nyẹn ti ń ṣàìsàn ọjọ́ ti pẹ́, wọ́n ti lo oògùn lọ́dún púpọ̀. Àwọn bíi Àlàó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Èyí ló dá mi dúró jù nígbà tí mo ń kàwé lóru. Ní Melbourne, ní Ọsirélíà, wọ́n ti ya ọpọlọ àwọn ọ̀dọ́ kan tí àmì díẹ̀díẹ̀ ti ń hàn lára wọn, tí orí wọn ò tíì dàrú. Wọ́n dúró. Àwọn kan nínú wọn wá ya wèré, àwọn kan ò ya. Nígbà tí wọ́n padà wo àwòrán tí wọ́n ti yà sílẹ̀, àwọn tó padà ṣàìsàn ti ní ẹran ọpọlọ tó kéré díẹ̀ ṣáájú, lápá etí àti níwájú, wọ́n sì tún pàdánù sí i nígbà tí àìsàn náà dé. 2003 ni wọ́n tẹ ìyẹn jáde. Ní 2021, wọ́n tún kó àwọn ọ̀dọ́ tó wà ní bèbè báyìí 1,792 jọ kárí ayé, wọ́n fi wọ́n wé 1,377 tí ara wọn dá, wọ́n ní èèpo òde ọpọlọ àwọn tó wà ní bèbè ti fi díẹ̀ fẹ́lẹ́ ju ti àwọn yòókù.

Ṣáájú jẹnẹrétọ̀ nìyẹn o. Ó ṣeé ṣe kí nǹkan ti máa yí díẹ̀díẹ̀ nínú orí ọmọ yẹn nígbà tí mo ń dín wàrà, tó ń sọ pé adùn ẹ̀ ti yàtọ̀.

Tó bá wá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí síkáànù Àlàó fi ní kò sí nǹkan? Ìbéèrè yìí ni mo gbé lọ bá dókítà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jà. Wọ́n ṣàlàyé fún mi, mo sì ti ń fi iṣu ṣàlàyé ẹ̀ fáwọn èèyàn látìgbà náà torí pé ìyá mi ọmọ Ìgbómìnà ni, lọ́nà Àjàṣẹ́-Ìpo, iṣu la sì mọ̀. Ká ní oko méjì wà. Òjò rọ̀ sí ọ̀kan díẹ̀ ju èkejì lọ. Nígbà tí wọ́n wa iṣu tán, tá a kó ẹgbẹ̀rún iṣu láti oko kọ̀ọ̀kan, tá a wọ̀n ọ́n, a máa rí i pé iṣu oko kan fi díẹ̀ wúwo ju ti èkejì. Òótọ́ ni, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Àmọ́ tí mo bá wá mú iṣu kan péré jáde látinú àpò, tí mo gbé e lé yín lọ́wọ́ pé oko wo ló ti wá, ẹ ò lè mọ̀. Iṣu ńlá wà lóko méjèèjì, iṣu kékeré wà lóko méjèèjì. Ìyàtọ̀ tí wọ́n rí nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọpọlọ yẹn, ìyàtọ̀ oko ni. Iṣu kan ṣoṣo ni Àlàó.

Kò sí dókítà kankan láyé yìí títí dòní tó lè wo fíìmù ẹnì kan ṣoṣo kó sọ pé wèré ń bọ̀ tàbí kó sọ pé kò sí. Ìdí tí wọ́n fi máa ń ya síkáànù ni láti mọ̀ bóyá nǹkan míì ló fara jọ ọ́, kókó inú ọpọlọ, ẹ̀jẹ̀ tó dà, kòkòrò tó wọnú orí, torí gbogbo ìwọ̀nyẹn náà lè mú kí èèyàn máa gbọ́ ohun tí kò sí. Normal túmọ̀ sí pé ìyẹn kọ́, ó tán. Ẹnikẹ́ni ò sọ bẹ́ẹ̀ fún wa. Ọmọ tó na àpò yẹn sí mi ń tẹ fóònù, kò tiẹ̀ gbójú sókè.

Ìbéèrè kejì tí mo bi dókítà ni pé ṣé Àlàó ń gbọ́ nǹkan yẹn lóòótọ́ ni àbí ó ń ro ó. Wọ́n ní ó ń gbọ́ ọ. Wọ́n ti gbé àwọn tó ń gbọ́ ohùn sínú ẹ̀rọ nígbà tí ohùn náà ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, àwọn apá ọpọlọ tó jẹ́ ti ọ̀rọ̀ sísọ àti ti gbígbọ́ ń ṣiṣẹ́ bí ẹni pé èèyàn gidi ló wà nínú yàrá. Ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń bá ara ẹ̀ sọ nínú, èyí tí gbogbo wa máa ń ṣe, ó ń wọlé gba ẹnu ọ̀nà iwájú dípò ti ẹ̀yìn, ọpọlọ ò dá a mọ̀ mọ́ pé ọmọ ilé ni. Apá ọpọlọ tó wà lókè etí, tó ń bá wa gbọ́ èdè, wọ́n ti rí i léraléra pé ó máa ń kéré sí i lára àwọn tí ohùn ń dà láàmú gan-an. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ohun tí ìyẹn ṣe fún mi. Mo ti ń sọ fún ọmọ yìí fún oṣù mélòó kan pé irọ́ ni, kò sí nǹkan kan níbẹ̀, dákẹ́.

Ti rédíò àti ìlù, dopamine, kẹ́míkà kan nínú ọpọlọ, ni wọ́n fi ṣàlàyé ẹ̀. Dópá yìí, ẹ jẹ́ n gé e kúrú, òun ló ń fọwọ́ tọ́ wa lára pé wo ibí yìí, nǹkan pàtàkì wà níbí. Ní 2003, dókítà kan tó ń jẹ́ Shitij Kapur kọ ọ́ pé nígbà tó bá pọ̀ jù, gbogbo nǹkan ló máa di pàtàkì. Ìwo mọ́tò, aṣọ pupa tí obìnrin kan wọ̀ kọjá, ikọ́ tí aládùúgbò wú. Èèyàn ò lè máa rí nǹkan pàtàkì káàkiri kó má wá ìtumọ̀ fún un. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, ó lè ní ìjọba ló ń ṣọ́ òun. Ọmọ Pàkátà, ó máa ní ayé ni. Bàbá kékeré àti Àlàó ń sọ ohun kan náà, ẹnì kan ń ṣàìsàn, ẹnì kejì ò ṣàìsàn.

Ojú gbalaja yẹn ńkọ́, àìwẹ̀, "hmm"? Apá iwájú ọpọlọ ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí, apá tó ń mú kó wu èèyàn láti dìde ṣe nǹkan. Àmọ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, okùn tó so ìdínkù ọpọlọ pọ̀ mọ́ àmì kọ̀ọ̀kan tín-ín-rín gan-an, kì í ṣe pé tí ibi báyìí bá dínkù, ẹ máa rí àmì báyìí. Ohun tó dá mi lójú ni pé àwọn àmì tí kì í pariwo yẹn ló ń ba ayé ọmọ jẹ́ jù, oògùn ò sì fi bẹ́ẹ̀ ran wọ́n. Ohùn lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ̀rín ò tíì padà tán.

Àwọn èèyàn a máa sọ pé ìwé ló kà jù. Ẹ̀gbọ́n Màámi obìnrin sọ ọ́ títí. Ohun tí mo rí ni pé ọjọ́ orí tí àìsàn yìí máa ń bẹ̀rẹ̀ jù, láti bí ọdún 18 sí 25 lára ọkùnrin, tó máa ń fi díẹ̀ pẹ́ lára obìnrin, òun náà ni ọjọ́ orí tí ọmọ ń wà ní yunifásítì. Bàbá mi, kí Ọlọ́hun kẹ́ wọn, tíṣà ni wọ́n àmọ́ wọ́n máa ń dáko lópin ọ̀sẹ̀. Tí wọ́n bá gbin àgbàdo, mẹ́ta mẹ́rin ni wọ́n ń jù sínú ihò kan, tó bá hù tán wọ́n á ní kí èmi àti Àlàó lọ fa díẹ̀ tu kí ìyókù lè ráyè. Ọpọlọ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà èwe títí di nǹkan bí ọdún 25, ó máa ń fa àwọn ojú ìsopọ̀ tí kò wúlò láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ tu. Ní 1982 Irwin Feinberg dá a lábàá pé bóyá ibi tí schizophrenia ti ń wá ni pé wọ́n fà á tu jù. Ó pẹ́ kí nǹkan kan tó ti ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́yìn. Ní 2016 wọ́n rí ìyàtọ̀ kan lórí àbùdá tí wọ́n ń pè ní C4, ohun tí ọmọ ń jogún lára òbí, tó dà bíi pé ó lọ́wọ́ nínú fífà tu yẹn. Èmi máa ń rántí Àlàó nínú oko yẹn, ó kéré, òun ló máa ń fa èyí tó yẹ kó kù tu, bàbá mi á máa pariwo.

Igbó tí wọ́n ń mu bíi sìgá náà wà níbẹ̀. Mo bi í, ó ní òun fà á bí ẹ̀ẹ̀mélòó kan ní Tańkẹ́. Igbó a máa dá kún ewu yìí, pàápàá èyí tó le àti tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní kékeré. Àmọ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀ tí wọ́n jọ fà á ti ṣe NYSC, ó ti gbéyàwó.

Lẹ́yìn síkáànù yẹn, èmi ò lẹ́nu ọ̀rọ̀ mọ́, ó sì di tiwọn. Àlàó mu hàntú títí. Áfà kan ṣe rúkíyà fún un lọ́jọ́ méje, ẹni jẹ́jẹ́ ni, kò na ọmọ, kò pariwo mọ́ ọn, mo ṣì ń kí i dòní. Àbúrò Màámi tó wà ní Òmù-Àrán, tó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, gbé e gun orí òkè lọ gbàdúrà. Bàbá kékeré wá ní àwọn mọ bàbá kan tó ń wo irú àìsàn yìí, wọ́n mú mi dání lọ wò ó. Àwọn ọkùnrin wà nídìí igi, wọ́n de ẹsẹ̀ wọn mọ́ irin. Ọ̀kan nínú wọn bi mí ní Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara pé kí ni òní. Nígbà tá a délé tí mo sọ fún Màámi, ohun tí wọ́n sọ ò ju ẹyọ kan lọ: "Wọn ò ní fi ṣẹkẹṣẹkẹ sọ́mọ mi lẹ́sẹ̀."

Mi ò sọ pé egbòogi wa ò ní nǹkan nínú o. Asofẹ́yẹjẹ tí àwọn oníṣègùn Yorùbá ti ń lò fún wèré látijọ́, nǹkan gidi wà lára gbòǹgbò ẹ̀. Reserpine ni wọ́n ń pè é, ọdún 1952 ni wọ́n yọ ọ́ jáde láti ara mọ̀lẹ́bí igi náà tó wà ní Íńdíà, àwọn ọsibítù òyìnbó sì fi tọ́jú wèré fún ìgbà díẹ̀. Dopamine yẹn ló ń bá fà. Nítorí náà nígbà tí bàbá oníṣègùn bá ní ọmọ náà ti rọlẹ̀, ó rọlẹ̀ lóòótọ́. Ó tún lè fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wálẹ̀ débi tó máa dákú, torí kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n. Dókítà Adéoyè Lambo tó bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Aro, l'Abẹ́òkúta, ní 1954, tí àwọn aláìsàn ń gbé láàárín ará abúlé pẹ̀lú ẹbí tí wọ́n ń se oúnjẹ fún wọn, bàbá yẹn bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́, kò fi wọ́n ṣẹ̀sín. Nígbà yẹn òfin tó wà nílẹ̀ wa ṣì ń pè wọ́n ní wèré tí wọ́n máa tì mọ́lé. Oṣù kìíní 2023 ni wọ́n tó fọwọ́ sí òfin tuntun.

Èmi àti Màámi la gbé e lọ sí ọsibítù níkẹyìn, ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Bàbá kékeré ò mọ̀. Tá a bá ka á láti ọjọ́ jẹnẹrétọ̀, ó ti lé ní oṣù márùn-ún. Tá a bá ka á láti orí wàrà, ẹ fi mẹ́jọ kún un.

Ẹ ti gbọ́ ọ rí pé wèré tó bá ti wọjà, kò ṣeé wò mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn bà mí lẹ́rù gan-an, torí ó kù díẹ̀ kí Àlàó wọ Ọjà Ọba láìwọ ṣòkòtò, ọlọ́kadà kan ló dá a mọ̀ tó gbé e padà. Mo wá rí i pé àwọn àgbà tó sọ ọ́ ti rí nǹkan tí òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀n. Bí ọjọ́ tó wà láàárín ìgbà tí orí dàrú àti ìgbà tí ìtọ́jú dé bá ṣe gùn tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń ṣòro tó láti padà bọ̀ sípò. Ní Norway wọ́n gbé àwọn àmì yìí sínú ìwé ìròyìn, sórí rédíò, lọ sí ilé ìwé, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í tètè gbé ọmọ wọn wá, lẹ́yìn ọdún 10 àwọn tó wá láti àdúgbò yẹn ló padà bọ̀ sípò jù. Ibi tí àwọn àgbà ti ṣì í ni "kò ṣeé wò mọ́." Ó ṣeé wò. Owó àti ọdún ló máa ń pọ̀ sí i. Tọjà nìkan ni wọ́n sì sọ, wọn ò sọ ti ẹnu ọ̀nà, wọn ò sọ ti àwo oúnjẹ.

Oògùn ò rọrùn. Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ mú kí ọrùn ẹ̀ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a sáré padà, wọ́n fún un ní òmíì, ó yanjú. Oògùn kan tó ń jẹ́ olanzapine mú kó sanra, ó ń sùn bí òkúta. Ọdún kejì, nínú ààwẹ̀, kò lè jí sààrì, ojú tì í pé gbogbo ilé ń jẹun òun ń hanrun, ó dákẹ́ kò lo oògùn mọ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Kí Ìtúnu Ààwẹ̀ tó dé, rédíò ti tún ń bá a sọ̀rọ̀. Ìgbà yẹn ni mo rí ìwádìí kan láti Iowa, ní Amẹ́ríkà, 2011, èèyàn 211 tí wọ́n ń ya ọpọlọ wọn léraléra fún ọ̀pọ̀ ọdún, pé àwọn tó lo oògùn jù, ẹran ọpọlọ wọn dínkù sí i. Mi ò sùn lóru yẹn. Lẹ́yìn ọdún méjì àwọn onímọ̀ kan náà tún kọ pé iye ìgbà tí èèyàn fi wà nínú àìsàn tó padà dé náà ń jẹ ọpọlọ. Oògùn ń gé e, àìsàn ń gé e. Mo gbé méjèèjì lọ bá dókítà, a dín oògùn kù díẹ̀, a ní kó máa lò ó lẹ́yìn ìṣíìnú lójú mi. Kò sí idán níbẹ̀.

Ó wà nílé báyìí. Kò tíì padà sí yunifásítì, ó ń bá ẹnì kan tẹ ìwé ní Post Office, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Bàbá kékeré ṣì gbà pé àsàsí ni, àmọ́ àwọn ló ń fún mi lówó oògùn ní ìparí oṣù, wọ́n á ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Àlàó rí àpò funfun yẹn nínú àpótí Màámi, láàárín ìwé ẹ̀rí ìbí wa àti rìsíìtì ilẹ̀. Ó fa fíìmù jáde, ó gbé e sókè síwájú gílóòbù, ó wò ó títí. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, àyà mi ń já. Ó ní, "Ànńtí mi, ṣé èmi nìyí?" Mo ní ìwọ ni. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. "Ó jọ àsálà." Wọ́n sì mú iná lọ. Ará ilé kejì tan jẹnẹrétọ̀, àwa méjèèjì dúró nínú òkùnkùn, mo ń tẹ́tí, mi ò mọ ohun tí òun ń gbọ́. Ó ní, "Jẹnẹrétọ̀ ni, Ànńtí mi. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì wá."